Káún Kì í Ṣe Eérú

Ní ọdún 2018, nígbà tí Fáòsíà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó kọ nọ́ńbà irọ́ márùn-ún sínú ìwé kan, ìyá ìyá rẹ̀ sì gba gbogbo wọn gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan, nínú àgbàlá wọn ní àdúgbò Sabon Zongo ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí ìyá àgbà náà, Ìyá Sẹ̀kínátù, ti ń se ọṣẹ dúdú. Ìyá náà ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Alata samina, ìyẹn ọṣẹ Alata, ni àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ yìí, nítorí pé Alata ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí ìyá náà ṣe rí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Á sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo kòkó di eérú. Á bu omi sí eérú náà, á sẹ́ ẹ, á wá ki ìka bọ omi rẹ̀, á fi kan ṣóńṣó ahọ́n. Bó bá ta á lẹ́nu bó ṣe yẹ, á mi orí. Bí kò bá ta á tó, á tún da eérú sí i. Kò ní òṣùwọ̀n mìíràn.

Bí ọṣẹ bá jinná, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yí i ní róbótó, á sì fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àmì àtàǹpàkò yẹn ni àwọn oníbàárà fi ń dá ọṣẹ rẹ̀ mọ̀ láti Sabon Zongo títí dé Ashaiman.

Fáòsíà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka bébà kan sókè. Sà Abdul-Rahim, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn, ló fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn máa bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn díje ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, oníkálukú sì gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ ìwádìí kan lọ. Fáòsíà mú ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu.

"Ẹńdòtílíọ̀mù," ó kà á, ó fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni fa ọbẹ̀ ilá. "Hàípápólárísésọ̀n."

Ìyá Sẹ̀kínátù gbé orí sókè nínú èéfín. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ohun tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ yín ni mò ń kà."

"Inú iṣan tèmi ni gbogbo ariwo yẹn wà? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Fáòsíà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo bébà. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí, àmọ́ nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò rí nǹkan kan dì mú.

"O ò mọ̀ ọ́n," ni ìyá wí. Kò bú u. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó sọ pé òjò ń bọ̀. "Ohun téèyàn bá mọ̀, ó ṣeé sọ fún alọ́ṣẹ. Padà lọ béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fáòsíà, àmọ́ kò bínú. Ọmọ tó máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan ni. Nígbà tó wà ní kékeré, ó tú rédíò ilé wò nítorí pé ó fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, kí àwọn yòókù tó jẹun ìsinmi tán, ó ti wà níwájú Sà Abdul-Rahim.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ọ̀rọ̀ ńlá. Màmá àgbà mi fẹ́ gbọ́ ọ."

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹfun, ó ya ọ̀pá kan tó ní ihò láàárín sára pátákó.

"Ihò yìí ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Awọ fẹ́lẹ́ kan tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n fara kanra ni wọ́n di awọ yẹn. Lẹ́yìn awọ ni ẹran wà, ó yí ọ̀nà náà po. Ẹran yìí ló lè fún ọ̀nà pọ̀, òun náà ló lè dẹ̀ ẹ́."

"Ta ló ń sọ fún ẹran pé kó dẹ̀?"

"Awọ inú ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára kọjá lára rẹ̀, ó ń mọ̀ ọ́n. Kálísíọ̀mù á wá pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ka kálísíọ̀mù yẹn sí ìròyìn tó wọlé. Bó bá ti wọlé, á ṣí ilẹ̀kùn kan lára sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ilẹ̀kùn pòtásíọ̀mù. Pòtásíọ̀mù á bọ́ síta. Bó ṣe ń bọ́ síta, iná kékeré tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á yí padà. Ìyípadà yẹn á ràn dé ara ẹran tó wà lẹ́yìn, ẹran á sì dẹ̀. Ọ̀nà á fẹ̀."

Fáòsíà kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó fi bírò họ etí.

"Ṣùgbọ́n Sà, ẹ kọ́ wa lọ́dún tó kọjá pé kálísíọ̀mù ló ń mú kí ẹran fún pọ̀. Báwo ló tún ṣe di pé òun ló ń mú un dẹ̀?"

Sà Abdul-Rahim gbé ẹfun sílẹ̀. "Ó tó ọdún mélòó kan tí ọmọ iléèwé ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí kẹ́yìn. Bí kálísíọ̀mù bá wọ inú ẹran, ẹran á fún pọ̀. Bó bá wọ inú awọ, awọ á ránṣẹ́ sí ẹran pé kó dẹ̀. Oògùn tí màmá àgbà rẹ ń lò, ilẹ̀kùn tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú ẹran ló ń tì."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fáòsíà sọ ọ́ fún ìyá àgbà, kò sì sí ọ̀rọ̀ ńlá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìyá Sẹ̀kínátù gbọ́ ọ dé ìparí.

"Bí eérú nìyẹn," ó ní. "Nínú ọṣẹ, ó ń fọ ara. Nínú ojú, ó ń fọ́ ojú. Ibi tí nǹkan bá wà ló ń sọ iṣẹ́ tó máa ṣe."

Inú Fáòsíà dùn débi pé ó fò sókè. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, ìtàn yìí kì bá tí sí.

Fàrúkù ni kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Kíláàsì kan náà ni òun àti Fáòsíà wà. Ó ti fi páànù àti dígí ṣe àpótí kan tó ń fi oòrùn sá tòmátì gbẹ, ó sì ń gbé e kiri bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Samina!" Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn, nítorí ọṣẹ ìyá àgbà rẹ̀. "Níbo ni tìẹ wà? Ṣé bébà lo máa fi han àwọn adájọ́?"

"Ọ̀rọ̀ inú bébà náà jinlẹ̀ ju tòmátì ẹ lọ."

"Kànga náà jinlẹ̀. Ẹ̀ẹ́, ẹ wò ó o, Alata fẹ́ fi ìtàn gba ipò kìíní! Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí, arábìnrin."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fáòsíà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó ń lọ sílé, ó kọjá lọ́dọ̀ Habiba, ìyá oníwàákyé tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè ní ìkóríta, ó rí i tó ń fọ́ káún tó fẹ́ fi sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Fáòsíà dúró, ó ń wò ó.

Ó mọ̀ pé pòtásíọ̀mù wà nínú eérú. Wọ́n ti kọ́ wọn. Àmọ́ omi eérú ń jó ọ̀nà ọ̀fun, kò ṣeé mu. Káún ńkọ́? Eérú ń mú kí ilá yọ̀, káún náà ń mú kó yọ̀. Eérú ń mú kí ẹ̀wà rọ̀, káún náà ń mú kó rọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi káún se ọṣẹ. Ohun méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ohun kan náà ni wọ́n, ó sọ fún ara rẹ̀. Káún ni eérú tó ṣeé jẹ. Bí pòtásíọ̀mù bá sì ń dẹ iṣan, tí òun bá fi káún sínú ògì jéró tí Màmá ń mu láràárọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa wálẹ̀. Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn!

Ó sáré lọ sọ fún Sà Abdul-Rahim ní ọjọ́ kejì. Ojú olùkọ́ náà le.

"Ta ló sọ fún ọ pé pòtásíọ̀mù ló wà nínú káún? Mú un wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ká fi iná yẹ̀ ẹ́ wò. Má sì fún màmá ní nǹkan kan tí dókítà rẹ̀ kò mọ̀ sí."

"Ó dáa, Sà."

Fáòsíà yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni. Nígbà tí Jímọ̀ dé, kò mú káún lọ. Ó ní òun gbàgbé. Kò gbàgbé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ògì láti Ọjọ́rú.

Kì í ṣe pé ó fi pamọ́ fún ìyá àgbà. Ìyá náà rí i, ó sì sọ̀rọ̀.

"Káún nìyẹn. Kí lo fẹ́ fi ṣe nínú ògì mi?"

"Ó ń dẹ iṣan, Màmá. Ohun tó wà nínú eérú náà ló wà nínú rẹ̀."

"Irọ́ ni. Káún kì í ṣe eérú. Ọdún kan wà tí èèpo kòkó wọ́n, mo fi káún se ọṣẹ. Ó le gbagidi bí bíríkì. Ọṣẹ eérú kì í le, títí wọ́n á fi lò ó tán ló máa ń rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n, kí ló dé tí wọn ò bí ọmọ kan náà?"

Fáòsíà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀rọ̀ ọṣẹ nìyẹn. Sáyẹ́ǹsì lèyí."

Ìyá Sẹ̀kínátù fi síbí ro ògì náà. Òun kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ rí. "Ó dáa," ó ní. "Ìwọ lo lọ síléèwé." Ó gbé ògì, ó mu ún.

Láti ìgbà náà, Fáòsíà ń wọn ìfúnpá ìyá àgbà, á máa fo ọjọ́ kan láàárín. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà òkè jẹ́ 148. Ìgbà kejì, 146. Fáòsíà jó yí àgbàlá ká. Ìgbà kẹta, ó di 151. Ó gbọn ẹ̀rọ náà, ó tún wọ̀n ọ́n. 151. Ó dá a lójú pé ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe. Ó ti ya àtẹ kan tí ìlà rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, nọ́ńbà yìí sì fẹ́ ba àtẹ náà jẹ́. Ó kọ 143.

"Èló ni?" ni ìyá àgbà béèrè.

"143, Màmá. Ó ń wálẹ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ ló wúwo. Nígbà tí ẹ̀rọ mú 155 wá, 141 ló kọ. Nígbà tó mú 160 wá, ó kọ 139. Nígbà tó di 166, ó kọ 137 láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí Fáòsíà kò mọ̀. Oògùn ìyá àgbà máa ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà kì í wọ̀ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ tó gbọ́ 141 ló ki káàdì oògùn bọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ òun bá ti wálẹ̀, kí lòun tún ń gbé oògùn mì fún? Fáòsíà rí i pé ẹsẹ̀ ìyá náà kò wú mọ́. Kò béèrè ìdí rẹ̀. Òun tó máa ń béèrè ìdí ohun gbogbo! Ó kàn kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ rẹ̀ pé káún tún ń mú kí ẹsẹ̀ wíwú fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Àsíátù, ìyá Fáòsíà, ti jáde lọ síbi tó ti ń ta aṣọ ní Tema kí ilẹ̀ tó mọ́. Fáòsíà wọn ìfúnpá ìkẹyìn. Ẹ̀rọ náà mú 178 wá.

Ó tún wọ̀n ọ́n, 178 náà ni. Ìyá àgbà ń fi ọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀.

"Orí ń fọ́ mi díẹ̀ láti àná. Èló ni?"

Fáòsíà la ẹnu. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ fọn fèrè níta. Ohùn Fàrúkù ń bọ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀: "Samina, ṣé ọṣẹ lò ń wẹ̀ ni? Àsìkò ti lọ o!"

"134, Màmá."

"Alihamudulilahi. Máa lọ, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ọlọ́run á gbé ọ ga."

Ó kọ 134 sílẹ̀, ó sáré jáde.

Nínú gbọ̀ngàn ìdíje, Fáòsíà kò sọ̀rọ̀ bó ṣe bá ìyá àgbà sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tó wà nínú bébà ló kó jáde, ó tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀. Adájọ́ kan wà níbẹ̀, obìnrin àgbàlagbà tó wọ awò ojú. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, kí lo fi mọ̀ pé pòtásíọ̀mù ló wà nínú káún?"

"Ìwádìí ti fi hàn, Màdáámù, pé ẹńdòtílíọ̀mù…" Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, kò sẹ́ni tó rántí ìbéèrè náà mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà kò pàtẹ́wọ́. Fáòsíà rí i, ó sì yí ojú kúrò.

Ipò kejì ni wọ́n fún un. Fàrúkù, tó gba ipò kẹrin, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Samina, o ṣe é o! Mo gba fún ẹ." Ìwé ẹ̀rí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù Sà Abdul-Rahim dún. Olùkọ́ náà gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá wo Fáòsíà.

"Gbé báàgì rẹ. Màmá àgbà ti ṣubú."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ló bá Ìyá Sẹ̀kínátù nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọṣẹ. Nígbà tí Fáòsíà dé ọsibítù, ẹnu ìyá náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì nà sórí bẹ́ẹ̀dì bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àsíátù dúró ti dókítà, káàdì oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ ni mo ti rí i," ó ní. "Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ti lò ó."

"Kí ló dé tó fi dá a dúró?" ni dókítà béèrè.

"Màmá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ti wálẹ̀. Wọ́n ní Fáòsíà ló ń wọ̀n ọ́n fún àwọn."

Gbogbo wọn yíjú sí Fáòsíà. Ìyá àgbà náà ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò lè sọ̀rọ̀. Fáòsíà yọ ìwé náà jáde nínú báàgì. Ó gbé e síwájú wọn.

"Irọ́ ni mo kọ," ó ní. "Kò wálẹ̀. Ńṣe ló ń lọ sókè. Mo sì ń fi káún sínú ògì wọn."

Àsíátù kò gbá a. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ńtì. "Mélòó?"

"Márùn-ún, Mọ́mì."

Dókítà náà kò pariwo. "Ó pọn dandan fún ọ kó o mọ̀ ọ́n. Káún ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga bí iyọ̀ ṣe ń gbé e ga. Àmọ́ káún nìkan kọ́. Oògùn tó dá dúró ló burú jù. Ká ní o ka nọ́ńbà òtítọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ì bá fi rìn wá bá wa."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Fáòsíà mú káún àti eérú lọ bá Sà Abdul-Rahim fúnra rẹ̀. Ó ní òun ṣì fẹ́ mọ̀. Olùkọ́ náà kò bá a wí mọ́. Ó ti bá a wí tẹ́lẹ̀, ó sì ti bá ara rẹ̀ wí pé òun yá a ní ẹ̀rọ láì tẹ̀ lé e délé. Ó tan iná, ó fi wáyà mú káún díẹ̀ sínú rẹ̀. Iná náà pọ́n bí ọsàn tó pọ́n. Ó fún Fáòsíà ní dígí aláwọ̀ aró kan pé kó fi wò ó. Àwọ̀ ọsàn náà pòórá, kò rí nǹkan kan. Ó wá fi eérú sínú iná. Fáòsíà tún gbé dígí sójú, ó sì rí àwọ̀ èsè àlùkò tó rọra ń jó.

"Èyí ni pòtásíọ̀mù," ni Sà wí. "Ti àkọ́kọ́ yẹn, sódíọ̀mù ni, ohun tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé pòtásíọ̀mù ló wà nínú káún, kì í ṣe bí èèyàn ṣe jẹ ẹ́ tó ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Kálísíọ̀mù ló ń ṣí i. Bí wọ́n bá fi sódíọ̀mù se ọṣẹ, ó máa ń le. Bó bá jẹ́ pòtásíọ̀mù, ó máa ń rọ̀."

Fáòsíà gbé dígí sílẹ̀. "Màmá ti sọ ọ́ fún mi."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní wọn ò bí ọmọ kan náà."

Sà Abdul-Rahim pa iná náà.

Fáòsíà dá ìwé ẹ̀rí padà. Ó dúró níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó sọ ohun tó ṣe. Kò lo ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Fàrúkù kò sì pè é ní Samina mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ eérú tí ọmọ yìí dà, ojú ẹlòmíràn ló kó sí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Bí nǹkan kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ. Bí nọ́ńbà bá kọ̀ láti rí bí o ṣe fẹ́, bó ṣe rí ni kí o kọ ọ́. Má sì rò pé ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu kò mọ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu Ìyá Sẹ̀kínátù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń gbé e jókòó sí àgbàlá láràárọ̀ Sátidé. Fáòsíà á sun èèpo, á sẹ́ eérú, á fi ìka kan omi rẹ̀ sí ahọ́n ìyá náà. Ìyá á mi orí, tàbí kó ní, "Kò tíì tó." Fáòsíà á se ọṣẹ, á yí i ní róbótó. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ìyá àgbà lé ọṣẹ kan tó ṣì gbóná díẹ̀. Wọ́n jọ dúró dè é. Ọṣẹ náà tutù sábẹ́ ọwọ́ náà, kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Àwọn oníbàárà ṣì ń wá láti Ashaiman. Wọ́n á mú ọṣẹ, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á wá àárín rẹ̀. Ọṣẹ náà dára, wọ́n sì ń rà á. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò tó ti tẹ ọṣẹ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kò tẹ ẹyọ kan mọ́ títí ìyá náà fi kú.